Ibi Tí Èrè Báǹkì Nordea Ti Ń Wá

Ní ọdún 2024, báǹkì kan tó fi ìlú Helsinki ní Fínlándì ṣe ibùjókòó jèrè tó lé ní bílíọ̀nù 5 owó Yúrò, lẹ́yìn tó ti sanwó òṣìṣẹ́, tó san owó-orí, tó sì ti yọ gbèsè tí kò dájú pé yóò padà sẹ́yìn. Nordea ni orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo báǹkì tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè Nọ́díìkì, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lókè pátápátá ní àríwá Yúróòpù, kò sí èyí tó tóbi tó o. Bí ẹ bá ka irú iye owó báyìí nínú ìwé ìròyìn, ó rọrùn láti gbójú kúrò níbẹ̀, kí ẹ ní ọ̀rọ̀ àwọn oníṣirò owó nìyẹn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ìṣirò báǹkì kò le tó bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. A ó jọ wò ó díẹ̀díẹ̀, títí ẹ ó fi mọ ibi tí owó náà gbà wọlé, ibi tó gbà jáde, àti ohun tí àwọn ọ̀gá báǹkì náà ń lé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nordea ní oníbàárà bíi mílíọ̀nù 10, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì tó bíi ẹgbẹ̀rún 30. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló fi ṣe ilé: Swídìn, Fínlándì, Dẹ́nmárkì àti Nọ́rwèy. Ọ̀nà mẹ́rin náà ló pín iṣẹ́ rẹ̀ sí. Apá kan wà fún aráàlú, àwọn tí owó oṣù wọn ń gba ibẹ̀ wọlé, tí wọ́n sì ń yáwó ra ilé. Apá kejì wà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò tíì tóbi jù. Apá kẹta ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá dòwò pọ̀. Apá tó kẹ́yìn ń bá àwọn ènìyàn bójú tó owó tí wọ́n fi ń dókòwò àti owó ìfẹ̀yìntì wọn.

Bí wọ́n ṣe bí báǹkì yìí kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1985, báǹkì àpapọ̀ Swídìn fagi lé òfin tó ń díwọ̀n iye owó tí báǹkì lè yá jáde. Owó wá ya wọ ìgboro. Báǹkì ń yá ẹni tó yẹ, ó ń yá ẹni tí kò yẹ, iye ilé sì ń fò sókè. Nígbà tí ọdún 1990 kọjá díẹ̀, iye ilé já lulẹ̀, àwọn tó jẹ gbèsè kò sì rí owó san. Nordbanken, ọ̀kan nínú àwọn báǹkì tó para pọ̀ di Nordea, wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Ìjọba ló ti ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1992 ìjọba ra èyí tó kù. Wọ́n ṣa àwọn gbèsè burúkú inú rẹ̀ jáde, wọ́n kó wọn fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n pè ní Securum, kí Nordbanken lè rí ọ̀nà mí.

Fínlándì rí tiẹ̀ náà ní àsìkò kan náà, ìyà ọ̀hún sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti Swídìn lọ. Báǹkì ńlá méjì tó ti ń bá ara wọn figa gbága fún ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ gbàgbé ìjà, wọ́n para pọ̀ ní ọdún 1995, wọ́n di Merita. Merita àti Nordbanken kédè ní ọdún 1997 pé àwọn fẹ́ di ọ̀kan. Nígbà tó di ọdún 2000, Unidanmark láti Dẹ́nmárkì àti Christiania Bank láti Nọ́rwèy wọ inú àjọṣe náà, orúkọ Nordea sì jáde. Ìjọba Swídìn ń ta ìpín tirẹ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n títí ó fi tà á tán ní ọdún 2013. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ pé báǹkì yìí kì í fẹ́ yá ẹni tí kò dá a lójú, ẹ rántí ibi tó ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ Helsinki nìyí ní kúkúrú. Stockholm ni orílé-iṣẹ́ Nordea wà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ó kó o lọ sí Fínlándì. Owó Yúrò ni Fínlándì ń ná, nítorí náà báǹkì àpapọ̀ Yúróòpù ló ń ṣọ́ àwọn báǹkì ńlá ibẹ̀, lábẹ́ òfin kan náà tó de àwọn báǹkì ńlá Jámánì àti Faransé. Nordea ní ohun tí òun fẹ́ nìyẹn, kí òun àti àwọn tí òun ń bá díje máa jẹ́ òfin kan náà. Ní Swídìn, àwọn ènìyàn ní owó tí ìjọba ibẹ̀ ń fẹ́ kí àwọn báǹkì máa dá sínú àpò ìdáàbòbò ló ń lé e. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà nínú méjèèjì.

Wàyí o, báwo ni báǹkì ṣe ń rí owó? Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń ta epo pupa. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún epo, ó rà á ní kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e dé ìsọ̀, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó sì ń tà á. Kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n kà sí i lọ́wọ́ ni èrè rẹ̀. Ohun tó wà láàárín iye tó rà á àti iye tó tà á ni tirẹ̀, inú ìyẹn náà ni yóò sì ti yọ owó ọkọ̀, owó ìsọ̀ àti epo tó dà nù lójú ọ̀nà. Owó ni epo tí báǹkì ń tà. Ọwọ́ àwọn tó ń fowó pamọ́ ló ti ń rà á. Èlé tó ń san fún wọn ni iye tó rà á. Àwọn tó ń yáwó ló ń tà á fún. Èlé tí wọ́n ń san ni iye tó tà á.

Ohun tó wà láàárín èlé méjèèjì yìí ni àwọn oníṣirò ń pè ní net interest income. Èrè èlé ni àwa yóò máa pè é. Ní ọdún 2024, gbogbo owó tó wọlé fún Nordea lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 12 Yúrò, èrè èlé nìkan sì kó bílíọ̀nù 7.6 nínú rẹ̀. Nínú Yúrò 100 tó bá wọlé, bíi 63 ló ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún báǹkì yìí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé ọwọ́ àwọn tó ń fowó pamọ́ nìkan ni Nordea ti ń ra owó. Ó tún ń ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé òun yá owó, òun yóò sì dá a padà ní ọjọ́ báyìí pẹ̀lú èlé báyìí. Àwọn ẹ̀yáwó tí aráàlú fi ra ilé ni wọ́n fi ń dúró fún ọ̀pọ̀ nínú bọ́ǹdì wọ̀nyí, nítorí náà ọkàn ẹni tó ra bọ́ǹdì balẹ̀, èlé tó ń béèrè kì í sì í pọ̀. Àwọn ará Dẹ́nmárkì ló mọ ọgbọ́n yìí jù. Ní ọdún 1795, iná jó apá ńlá nínú ìlú Copenhagen. Nígbà tí wọ́n ń wá owó tí wọ́n máa fi tún ilé kọ́, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ẹ̀yáwó ilé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1797. Títí di òní, ọ̀nà náà ni wọ́n ṣì ń gbà yáwó ra ilé ní Dẹ́nmárkì.

Owó tí aráàlú fi pamọ́ ló ṣì dùn jù lẹ́nu báǹkì, nítorí pé olówó rẹ̀ kì í ná an lọ́jà. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń wọ Nordea kì í fi báǹkì náà sílẹ̀ nítorí pé báǹkì mìíràn fi díẹ̀ lé èlé. Ibẹ̀ ló ti ń san owó iná, ibẹ̀ ni ẹ̀yáwó ilé rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Owó tó wà nínú àpò ìṣúná ojoojúmọ́ rẹ̀ lè má gba èlé kankan rárá. Owó ọ̀fẹ́ ni, bí ẹ bá rò ó dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni ìgbà tí àwọn báǹkì àpapọ̀ Yúróòpù sọ èlé di ohun tó kéré ju òdo lọ. Dẹ́nmárkì ló kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2012, báǹkì àpapọ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Swídìn náà sì ṣe é ní oṣù kejì ọdún 2015. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé báǹkì tó bá kó owó rẹ̀ lọ pamọ́ sọ́dọ̀ báǹkì àpapọ̀, òun ló máa sanwó ìtọ́jú. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé ọjà dákẹ́, iye nǹkan kò gòkè tó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n wá ń ti owó jáde kí àwọn ènìyàn lè máa ná an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe fún oníṣòwò owó. Èlé tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó yáwó ń já bọ́, èyí tó ń san fún àwọn tó fowó pamọ́ sì ti dé òdo, kò lè já mọ́. Ta ló fẹ́ sọ fún màmá arúgbó kan pé kó wá sanwó nítorí pé ó fowó pamọ́? Ní Dẹ́nmárkì, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn tí owó wọn pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó kù, báǹkì mú un mọ́ra. Bí iye epo nínú ìgò ṣe ń já bọ́, tí iye kẹ́ẹ̀gì kò sì yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọdún 2022 ló yí i padà. Rọ́ṣíà wọ Ukraine, owó epo rọ̀bì àti iná mànàmáná gbóná, iye gbogbo nǹkan ń fò ní Yúróòpù. Báǹkì àpapọ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè ní oṣù keje ọdún náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èlé tó ń san lórí owó tí àwọn báǹkì fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ti di ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Swídìn náà dé ìdá 4 ní oṣù kan náà.

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù nìyí. Ní Swídìn, ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó ilé ni èlé rẹ̀ ń yí padà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní Fínlándì, ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ lé èlé ọjà, tí wọ́n sì ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nítorí náà, kò pẹ́ tí àwọn báǹkì àpapọ̀ gbé èlé sókè tí àwọn tó jẹ gbèsè fi bẹ̀rẹ̀ sí í san púpọ̀ sí i. Èlé tí wọ́n ń san fún àwọn tó fowó pamọ́ ńkọ́? Ó gòkè náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ló sọ èrè èlé Nordea di bíi bílíọ̀nù 7.4 Yúrò ní ọdún 2023, nígbà tó jẹ́ pé bíi bílíọ̀nù 4.9 péré ni ní ọdún 2021. Ìdajì lé odindi nìyẹn, láàárín ọdún méjì, kò sì sí pé oníbàárà di ìlọ́po. Èmi kò ní pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo ẹni tó ta ìgbòkun ló sáré. Àwọn báǹkì yòókù ní Nọ́díìkì rí tiwọn náà.

Owó tó tẹ̀ lé èrè èlé ni owó iṣẹ́, ìyẹn ohun tí báǹkì ń gbà nítorí pé ó bá ènìyàn ṣe nǹkan: ó bá wọn dókòwò, ó fún wọn ní káàdì, ó bá ilé-iṣẹ́ wá ẹni tí yóò ra ìpín wọn. Èyí tó bílíọ̀nù 3.2 Yúrò ní ọdún 2024. Owó àwọn oníbàárà tí Nordea ń bá wọn fi dókòwò lé ní bílíọ̀nù 400 Yúrò ní ìparí ọdún náà. Ìwúlò owó iṣẹ́ ni pé kò dúró de báǹkì àpapọ̀ kó tó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ọjà ìpín bá ṣubú, òun náà a máa dín kù.

Ó tó kí á wo owó tó ń jáde. Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní cost-to-income ratio. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní ìdá ìnáwó. Nínú Yúrò 100 tó wọlé, mélòó ni báǹkì ná kó tó lè sọ pé òun ṣiṣẹ́? Bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ló dára tó. Nordea kò dára níbi yìí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà tó jogún láti ọwọ́ báǹkì mẹ́rin kò gbọ́ èdè ara wọn, owó ńlá ló ń lọ síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ó kéde pé òun yóò dín iṣẹ́ 6,000 kù, kí á ka àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìta mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọ̀gá tuntun gorí àga. Frank Vang-Jensen ni, ọmọ Dẹ́nmárkì, tó ti ṣe olórí báǹkì Handelsbanken ní Swídìn rí kí ìgbìmọ̀ ibẹ̀ tó yọ ọ́ ní ọdún 2016. Kò pẹ́ tó dé tí báǹkì náà fi ṣèlérí méjì pé, tó bá fi máa di ọdún 2022, ìdá ìnáwó òun yóò wá sí 50, èrè orí owó àwọn onípìn-ín yóò sì ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọdún 2021 ni méjèèjì ti ṣẹ, ọdún kan ṣáájú ọjọ́. Ìdá ìnáwó jẹ́ 48 ní ọdún yẹn. Ẹ kíyè sí i pé èlé ṣì wà nísàlẹ̀ nígbà náà. Afẹ́fẹ́ kò tíì fẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo ka ìyẹn sí, mo sì fún wọn.

Nígbà tó di ọdún 2024, ìdá ìnáwó ti di bíi 44. Ìwé ìròyìn gbé e bí ẹni pé báǹkì náà tún ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná sí i. Ẹ fara balẹ̀. Ní ọdún 2021, ohun tí Nordea ná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 4.7 Yúrò. Ní ọdún 2024, ó ná bíi bílíọ̀nù 5.3. Ìnáwó kò dín kù. Ó pọ̀ sí i. Owó tó ń wọlé ló sáré kọjá a, ìdí nìyẹn tí ìdá náà fi rẹlẹ̀. Bí ẹ bá mú ìnáwó ọdún 2024 tí ẹ gbé e sórí owó tó wọlé ní ọdún 2021, bíi 55 ni ẹ ó rí, kì í ṣe 44. Mi ò sọ pé wọ́n ń fowó ṣòfò. Owó òṣìṣẹ́ gòkè, wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n ń gba àwọn tó ń ṣọ́ owó ẹ̀gbin, ìyẹn owó tí wọ́n rí nípa ìwà ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ìnáwó tó bá ti gòkè kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, owó tó ń wọlé sì lè sọ̀ kalẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀gbin tí mo mẹ́nu bà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àjọ tó ń ṣọ́ báǹkì ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà mú kí Nordea san mílíọ̀nù 35 dọ́là, nítorí pé kò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dáadáa ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn tí owó tí kò mọ́ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, àwọn aláṣẹ Dẹ́nmárkì ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà. Owó ìtanràn tí wọ́n san ní New York kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè wọn. Orúkọ ló bà jẹ́.

Epo tó dà nù lójú ọ̀nà ló kù. Ní báǹkì, gbèsè tí kò padà ni, owó tó bómi lọ. Òfin ìṣirò kò jẹ́ kí báǹkì dúró di ọjọ́ tí ajigbèsè yóò sá kó tó kà á sí àdánù. Bí ó bá ti ń rí i pé ìyà ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ yọ owó sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí Nordea fi yọ bíi mílíọ̀nù 900 Yúrò sẹ́yìn ní ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà dé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ayé ń lọ. Ẹ̀rù ni wọ́n fi ṣe é, púpọ̀ nínú ẹ̀rù náà kò sì ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2024, ohun tó bómi lọ kò ju bíi mílíọ̀nù 206 lọ: nínú Yúrò 10,000 tí wọ́n yá jáde, bíi 6.

Kí ló dé tó kéré bẹ́ẹ̀, nígbà tí èlé gbé owó ilé àwọn ènìyàn lọ sókè lójijì? Ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó náà ló ní ilé lẹ́yìn. Ní ọdún 2010 ni wọ́n gbé ìlànà kalẹ̀ ní Swídìn pé ẹ̀yáwó kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé lọ. Olúwa rẹ̀ ni yóò wá èyí tó kù. Bí wọ́n bá sì gba ilé tà, tí owó rẹ̀ kò tó gbèsè, ìyókù wà lọ́rùn ẹni tó yá a, kò lè ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó máa lọ. Ìjọba ilẹ̀ wọn náà tún ń ran ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó yáwó a dín aṣọ kù, wọn a dín ìrìn-àjò kù, wọn a san owó ilé. Àwọn tó ń kọ́ ilé tà ló rí ìyọnu jù ní Swídìn láàárín ọdún 2022 sí 2024, kì í ṣe àwọn tó ń gbé inú ilé wọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ohun tí àwọn ọ̀gá Nordea ń lé tọ̀sán tòru, return on equity. Èrè orí owó àwọn onípìn-ín ni a ó pè é. Àwọn tó ní báǹkì náà, tí à ń pè ní onípìn-ín, ní owó tiwọn nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí owó tí báǹkì yá àti èyí tí aráàlú fi pamọ́. Ó tó bíi bílíọ̀nù 30 Yúrò. Nínú gbogbo 100 owó náà, mélòó ló bí ní ọdún kan? Ní ọdún 2021 ó bí 11.2. Ní ọdún 2023 ó bí 16.9, ní ọdún 2024 ó bí 16.7. Nígbà tí ìlérí àkọ́kọ́ ti ṣẹ, wọ́n ṣe òmíràn ní ọdún 2022 pé ní ọdún 2025 yóò ju 13 lọ, nígbà tó yá wọ́n tún gbé e kọjá 15.

Ọ̀nà méjì ni iye yìí lè gbà gòkè, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa wo méjèèjì. Èrè lè pọ̀ sí i. Ìyẹn yé gbogbo ènìyàn. Owó àwọn onípìn-ín tí wọ́n fi ń pín in náà sì lè dín kù. Nordea ń pín ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ fún àwọn onípìn-ín. Ti ọdún 2024 jẹ́ sẹ́ǹtì 94 Yúrò lórí ìpín kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó tún ń fi owó ra ìpín ara rẹ̀ padà lọ́jà, ó sì ń fagi lé e. Àwọn tó kù ń jẹun lórí àwo kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, òfin sì gbà á, bí báǹkì bá ti ní owó àtìlẹ́yìn tó. Owó àtìlẹ́yìn ni ohun tó wà nílẹ̀ láti gba ìṣubú bí gbèsè bá bàjẹ́. Ní ìparí ọdún 2024, ti Nordea jẹ́ ìdá 15.8 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjá iye tí àwọn aláṣẹ ní kó ní.

Ọgbọ́n òwò wọn fúnra rẹ̀ rọrùn láti sọ: ẹ jókòó sílé. Nígbà kan, Nordea ń nàgà. Ó lọ sí Pólàndì, ó lọ sí Estonia, Latvia àti Lithuania, ó wọ Rọ́ṣíà. Ó ta ti Pólàndì fún báǹkì ibẹ̀ kan. Ní ọdún 2017, òun àti báǹkì DNB ti Nọ́rwèy da ti orílẹ̀-èdè mẹ́ta yẹn pọ̀ di báǹkì mìíràn tó ń jẹ́ Luminor, àwọn méjèèjì sì ta èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà tó yá. Ó kúrò ní Rọ́ṣíà pátápátá. Owó tó rí, ilé ló ná an sí: ó ra Gjensidige Bank ní Nọ́rwèy ní ọdún 2019, nígbà tí Danske Bank ti Dẹ́nmárkì sì ní òun kò ṣe báǹkì aráàlú mọ́ ní Nọ́rwèy, Nordea ló gba àwọn oníbàárà náà, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún 200, ní ìparí ọdún 2024. Àwọn tó fẹ́ràn báǹkì tó ń rìn kárí ayé lè máa wò ó bí ojo. Èmi rò pé ó dára kí ènìyàn mọ ojú àwọn tó ń yá lówó.

Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ yí padà. Báǹkì àpapọ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í dín èlé kù ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Lẹ́yìn ọdún kan ó ti bọ́ láti 4 sí 2. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2025, èrè èlé Nordea jẹ́ bíi bílíọ̀nù 1.83 Yúrò, nígbà tó jẹ́ bíi 1.95 ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2024. Ìjábọ́ náà kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe lè rò, ìdí sì wà. Nordea ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ owó mìíràn ṣe àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ pé kí wọ́n máa san èlé tí kì í yí padà fún òun, kí òun máa san èlé ọjà fún wọn. Nígbà tí èlé ọjà ń gòkè, àdéhùn yìí ń jẹ nínú èrè rẹ̀. Nígbà tó wá ń bọ̀ nílẹ̀, òun ló gbé e ró. Àmọ́ gbogbo àdéhùn ló ní ọjọ́ tó máa parí.

Ìdájọ́ tèmi ni pé Nordea sàn ju bó ṣe rí ní ọdún 2019 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì sàn tó bí èrè ọdún 2023 àti 2024 ṣe fi í hàn, nítorí èlé ló gbé apá kan nínú rẹ̀ wá, èlé sì lè gbé e lọ. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ń jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ má kọ́kọ́ wo èrè. Ẹ wá iye tí wọ́n ná gan-an, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èṣí, kí ẹ tó gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu wọn.